Fóònù ìyá mi l'Ókè-Ajé: dátà kì í pẹ́, àyè ti kún, ó tún wá ń sọ̀rọ̀

ỌmọỌlọ́jà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Alárè. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà, ẹ kú o. Ọ̀rọ̀ fóònù ìyá mi ni mo bá wá. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n wà, èmi ń gbé Èkó, bí fóònù yẹn bá sì ti sín, èmi ni wọ́n ń pè. Android ni, àyè inú rẹ̀ kò ju 32GB lọ. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Òkè-Ajé, orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà sì ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn pé irú aṣọ báyìí làwọn ń wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí wọ́n yọ WhatsApp kúrò.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Dátà tí mo bá rà fún wọn lọ́jọ́ Ajé kì í rí ọjọ́ Jímọ̀, wọn á sì máa búra pé àwọn ò wo nǹkan kan. Láti ìgbà Ọjúde Ọba ni fóònù ti ń kọ ọ́ sójú pé àyè ti kún. Mo mọ ohun tó fà á: gbogbo ẹgbẹ́ tó jó wọ pápá, gbogbo ẹlẹ́ṣin, gbogbo dàǹdóógó tó kọjá, fídíò rẹ̀ ni àwọn regbẹ́regbẹ́ wọn ṣì ń dà sí gúrúpù títí di òní. Bí wọ́n bá tún ń kọ Yorùbá, fóònù á sọ ọ́ di Òyìnbó mọ́ wọn lọ́wọ́.

Èyí tó dé lánàá ló wá lé mi wá síbí. Fóònù ń sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, á kà á sókè, kò sì ní ṣí. Wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnìkan fi nǹkan sí i lọ́jà. Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

AtúnfóònùṣeÒde

Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i. TalkBack nìyẹn. Àwọn tí kò ríran ni wọ́n ṣe é fún, kí fóònù lè máa ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí wọn létí. Ìyá á ti di bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mú pọ̀ láìmọ̀, bóyá nígbà tí wọ́n ń fi fóònù bọ àpò tàbí tí wọ́n ń há a mọ́ ìdí ìró. Ohun tó tan án náà ló ń pa á. Kí wọ́n tẹ èyí tó ń gbé ohùn sókè àti èyí tó ń gbé e wálẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má tètè gbọ́wọ́, kí wọ́n ka ení dé ẹ̀rin. Fóònù fúnra rẹ̀ á sọ pé òun ti kúrò.

Bí ìyẹn ò bá gbọ́, ẹ mọ̀ pé bí TalkBack bá wà lórí, ìfọwọ́kàn kan kì í ṣí nǹkan, kíkà ló ń kà á. Ẹ fọwọ́ kan ohun tí ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ kà á, kí ẹ wá gbá a lẹ́ẹ̀mejì léraléra kó ṣí. Ìka méjì ni ẹ ó fi máa ti ojú rẹ̀ lọ sókè sódò. Báyìí lẹ ó ṣe dé Settings, ẹ wọ Accessibility, ẹ wọ TalkBack, ẹ pa á. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ pa shortcut rẹ̀ náà, ìyẹn bọ́tìnnì ohùn méjèèjì tó ń tan án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí ìró á tún tan án lọ́la.

Wọ́n ń gbé èyí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi débi pé n kì í gbowó rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sọ fún ìyá pé àfi kí òun fláàṣì fóònù yẹn (ìyẹn kí òun gbá gbogbo inú rẹ̀ dànù), ẹ ní kí wọ́n gba fóònù wọn kí wọ́n máa lọ.

ỌmọỌlọ́jà

Ó ti dákẹ́! Fóònù ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ yín. Wọ́n ṣì ní ẹnìkan ló fi nǹkan sí i o.

ÌyáÌbejìṢágámù

Hahaha. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà yẹn, WhatsApp ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé ni pé àwòrán tó bá ti dé, á gbé e wọlé fúnra rẹ̀, ẹ wò ó o, ẹ ò wò ó o. Àwọn míì ti wá fi fídíò kún un láìmọ ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sí Settings inú WhatsApp, ẹ wọ Storage and data, ẹ ó rí Media auto-download. Níbi tí wọ́n kọ When using mobile data sí, ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo rẹ̀: Photos, Audio, Videos, Documents. Láti ìgbà náà lọ, nǹkan tó bá dé á máa ṣe bàìbàì pẹ̀lú ọfà lára, èyí tí wọ́n bá fẹ́ wò ni wọ́n á tẹ̀. Ohùn tí èèyàn gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ á ṣì máa wọlé ní tirẹ̀, ìyẹn ò sì tó nǹkan.

Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí Use less data for calls. Ẹ tan án, pàápàá bí àwọn àbúrò yín bá wà lókè òkun tí wọ́n ń pè wọ́n.

OníṣòwòÌjẹ̀búIgbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ Photos o. Ọlọ́jà ni wọ́n. Oníbàárà fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́, ó di bàìbàì, wọn ò rí i, ẹni yẹn á ti lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Èmi náà ń tajà, mo mọ̀ ọ́n. Fídíò ni ọ̀tá yín. Àwòrán kan lórí WhatsApp kì í sábà tó 1MB, wọ́n ti fún un mọ́ra kó tó dé. Fídíò ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo á gba ibi tí àìmọye àwòrán gbà.

ÌyáÌbejìṢágámù

Òótọ́ ni. Mo gbà. Photos nìkan ni kí ẹ fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Àgọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí a tó dá WhatsApp lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó jẹ ẹ́ gan-an. Fóònù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet (fóònù míì á pè é ní Connections), ẹ wá Data usage. Gbogbo áàpù á tò sílẹ̀ láti orí ẹni tó jẹun jù dé orí ẹni tó tọ́ ọ wò. Lọ́dọ̀ àwa ọmọ OOU, yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tí a ń ṣe ọgbọ́n sí dátà, ohun tí mo ti rí lórí fóònù àwọn èèyàn pọ̀: Play Store tó ń sọ áàpù dọ̀tun lóru, Google Photos tó ń kó gbogbo àwòrán lọ sí òkè, Facebook tí fídíò rẹ̀ ń ta fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti ń yí ojú rẹ̀ kọjá.

Ibi tí wọn ń pa ọ̀kọ̀ọ̀kan sí rèé. Play Store: tẹ àwòrán ara rẹ lókè, Settings, Network preferences, Auto-update apps, kó jẹ́ Over Wi-Fi only. Bí ìyá ò bá ní Wi-Fi rárá, ìyẹn túmọ̀ sí pé kò ní sọ nǹkan dọ̀tun mọ́, nítorí náà bí ẹ bá wá kí wọn, ẹ fi fóònù tiyín ṣe Wi-Fi fún un kó jẹun yó. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ pátápátá o, WhatsApp tó bá gbó jù kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Google Photos: níbi Backup, ẹ pa lílo dátà. Facebook: Settings, Media, Autoplay, Never.

Data Saver wà nínú Settings náà, tó ń dá gbogbo áàpù tí ẹ ò ṣí dúró kó má fi dátà ṣe nǹkan lẹ́yìn yín. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan án lásán, ìjíṣẹ́ WhatsApp lè má dé àfi ìgbà tí ìyá bá ṣí i. Nínú Data Saver náà, ẹ wọ Unrestricted data, ẹ fi WhatsApp síbẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń pa á padà tí wọ́n á ní kò wúlò nìyẹn.

BàbáÌpẹru

Ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé o ti bi ìyá rẹ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú fóònù yẹn?

Ìdí tí mo fi bèèrè ni pé, àwọn ọmọ tèmi wá sílé nígbà ọdún, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi tún fóònù ṣe. Wọ́n pa èyí, wọ́n gbé tọ̀hún pamọ́, wọ́n kó gbogbo áàpù sínú páálí kékeré kan lójú fóònù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, n kò rí rédíò mi mọ́, n kò rí ibi tí mo ti ń ka ìròyìn mọ́, mo wá dàbí àlejò nínú ilé mi. Fóònù náà dára lójú wọn, kò sì sí ohun tí mo lè fi í ṣe.

Fídíò Ọjúde Ọba tí o ní ó kún fóònù yẹn, ó lè jẹ́ òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sùn.

OníṣòwòÌjẹ̀búIgbó

Bàbá, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lókè pátápátá nìyí.

AtúnfóònùṣeÒde

Lórí ọ̀rọ̀ Bàbá. Bí ẹ bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́, ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó tì yín. Settings inú WhatsApp, Storage and data, Manage storage. Á kó gbogbo ohun tó ju 5MB lọ jọ sí ọ̀nà kan, á sì kó èyí tí wọ́n ti pín kiri lọ́pọ̀ ìgbà sí ọ̀nà kejì. Ọ̀nà kejì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá: àdúrà àárọ̀ tó ní òdòdó, «fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá», ìròyìn èké. Kò sẹ́ni tó máa sunkún wọn. Fídíò Ọjúde Ọba wá ńkọ́? Ẹ ra mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ kó wọn síbẹ̀. Áàpù Files ni kí ẹ lò. Lórí Android tuntun, inú fódà Android ni ẹ ó wọ̀, ẹ wọ media, ẹ wọ com.whatsapp, títí dé Media. WhatsApp fúnra rẹ̀ kò ní gbé nǹkan lọ sórí káàdì fún yín, ọwọ́ lẹ ó fi gbé e.

Mẹ́mọ́rì káàdì tí wọ́n bá kọ 1TB sí lára tí owó rẹ̀ ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán, irọ́ ni. Á gba nǹkan, á sì pa á jẹ.

Ìkìlọ̀ kan tí mo máa ń pariwo rẹ̀: nínú Settings, níbi Apps, WhatsApp, ẹ ó rí Clear cache àti Clear storage, èyí tí fóònù míì ń pè ní Clear data. Èkíní kò lẹ́bi, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Èkejì á gbá gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá ti bá oníbàárà sọ dànù, títí kan gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n.

ỌmọỌlọ́jà

Ẹ̀rù bà mí ní ti gbèsè yẹn, torí pé lóòótọ́, inú WhatsApp ni ìwé gbèsè wọn wà.

Bàbá, mo bi wọ́n. Wọ́n ní ohun mẹ́ta làwọn fẹ́: kí àwọn máa rí àwòrán aṣọ kíákíá, kí àwọn máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ-ọmọ, kí gúrúpù má máa dún nígbà tí àwọn bá ń nájà. Wọn ò tilẹ̀ mẹ́nu ba dátà. Nípa fídíò, wọ́n ní èyí tí ẹgbẹ́ tiwọn wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí n fi sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ yòókù kí n pa wọ́n rẹ́, wọn ò jọ tàwọn.

ÌyáÌbejìṢágámù

Ìjẹ̀bú ni wọ́n, dájúdájú.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ti Yorùbá kíkọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́ wa n'Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ tó lo fóònù kékeré ṣì pọ̀, nítorí náà a ń lo àtẹ̀jíṣẹ́ lásán pẹ̀lú WhatsApp.

Fún ìyá: bó bá jẹ́ Gboard, ti Google, ni kíbọ́ọ̀dù wọn, kí ẹ di àmì kọ́mà mú, àmì ẹ̀rọ tó dà bí kẹ̀kẹ́ eléyín á yọ, ẹ wọ Languages, ẹ fi Yorùbá kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ di lẹ́tà mú dípò kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lásán, àwọn tó ní àmì lórí àti lábẹ́ á jáde, ẹ fi ìka yọ́ dé orí èyí tí ẹ fẹ́. Èyí tó ń sọ Yorùbá di Òyìnbó, auto-correction ni, níbi Text correction tàbí Corrections ni ẹ ó ti pa á. Ẹ fi ìmọ̀ràn ọ̀rọ̀ tó ń jáde lókè kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, ìyẹn kì í fipá mú èèyàn.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ tẹ ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ́, tó jẹ́ àmì orí nìkan ló lọ tí ẹ ṣì kù, kì í ṣe pé fóònù ti bàjẹ́. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ àti lórí pọ̀, kò sí èyí tó dá dúró fún wa nínú Unicode, àtòjọ lẹ́tà tí àwọn ẹ̀rọ ń lò. Ẹ̀rọ ń to àmì orí lé ẹ ni. Ìdí tí fóònù àtijọ́ fi ń gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó yà àpótí òfìfo síbẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí owó ń gbà jò ni àtẹ̀jíṣẹ́. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, bó bá jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àtòjọ àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún fóònù. Lẹ́tà kéékèèké à, è, é, ì, ò, ù wà nínú àtòjọ yẹn. Ẹ, ọ, ṣ kò sí níbẹ̀, á, í, ó, ú náà kò sí. Bí ẹ bá fi ẹyọ ọ kan ṣoṣo sí i, gbogbo ìjíṣẹ́ náà á yí padà sí oríṣi kejì, ojú ewé kan á di lẹ́tà 70. Ìkéde ìpàdé tí ẹ rò pé ojú ewé kan ni, á di mẹ́ta, owó mẹ́ta ni wọ́n á sì yọ lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Nínú áàpù Messages ti Google, Use simple characters wà tó ń bọ́ àmì kúrò kó tó ránṣẹ́. Ìyẹn ló fà á tí àwọn míì fi máa ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á.

Ohun tí mo ń ṣe: lórí WhatsApp, àmì pé pérépéré. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fún gbogbo ẹgbẹ́, n kò fi àmì sí i, mo sì jẹ́ kí gbólóhùn kúrú.

Olùkọ́ÒdeRẹ́mọ

Akọ̀wé, n kò fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn o. Ẹ san owó náà. Àwọn ọmọ ń ka ohun tí ẹ̀yin àgbà ń kọ.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Olùkọ́, ẹ bá mi wá sí ìpàdé kí ẹ wá sọ ọ́ fún akápò.

Alájẹṣẹ́kù

Èmi ò mọ̀wé púpọ̀, káàdì ìpè tèmi ló ń lọ. Mo fi owó sí i, n kò pe ẹnikẹ́ni, ó ti dín kù. Ẹ dákun, n kò fẹ́ dá ìjíròrò ọmọ ọlọ́jà rú.

ÌyáÌbejìṢágámù

Ẹ ò dá nǹkan rú. Ohun méjì ló sábà ń fà á. Èkíní, dátà yín tán, fóònù ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ìpè. Èkejì, ẹ ti wọ inú nǹkan kan tó ń yọ owó fúnra rẹ̀, orin tí ẹni tó ń pè yín ń gbọ́, tàbí àwàdà àràárọ̀ tí ẹ tẹ 1 sí láìmọ̀.

Láti 2023, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù, ti mú kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lo nọ́ńbà kan náà, nítorí náà èyíkéyìí tí ẹ bá ń lò, ẹ tẹ *310# láti wo owó ìpè, *323# láti wo dátà, *312# láti ra dátà, *305# láti jáde kúrò nínú àwọn nǹkan tó ń yọ owó. Fún àwọn ìjíṣẹ́ ìpolówó tí kì í jẹ́ kí fóònù sinmi, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí ẹ bá fẹ́ mú díẹ̀ nínú wọn, bíi ti báńkì, ẹ kọ HELP ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n á fi bí ẹ ó ṣe yàn hàn yín. Bí ilé iṣẹ́ yín ò bá dá yín lóhùn, 622 ni ti NCC.

Alájẹṣẹ́kù

*305# yẹn ni o! Orin ni. Orin tí n kò gbọ́ rí, àwọn tó ń pè mí ló ń gbádùn rẹ̀ lórí owó mi.

Akẹ́kọ̀ọ́Àgọ́

😂😂

Òṣìṣẹ́Ìlíṣàn

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ààbò, bẹ́ẹ̀ ọlọ́jà ni ìyá, nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ gan-an: ìjíṣẹ́ á dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, «Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á.» Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp tiwọn. Ẹni tí wọ́n rò pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, olè ti kọ́kọ́ jí tirẹ̀. Bí ìyá bá ti kà á fún olè yẹn, wọ́n ti jáde kúrò nínú WhatsApp tiwọn, ẹlòmíì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ wọn yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ẹ wọ Settings, Account, Two-step verification, ẹ fi píìnì oníye mẹ́fà sí i. Ẹ jẹ́ kí ìyá fúnra wọn yàn án, kó má jẹ́ ọdún ìbí wọn. Ẹ tún wọ Privacy, Groups, kó jẹ́ My contacts, kí àlejò má lè jù wọ́n sí gúrúpù olówó èlé orí ayélujára.

ỌmọỌlọ́jà

Mo ń ronú pé kí n so WhatsApp wọn mọ́ kọ̀ǹpútà mi l'Ékòó, kí n lè máa bá wọn gbá fídíò kúrò láti ibí. Ẹ ti wò ó sí?

Òṣìṣẹ́Ìlíṣàn

Ó ṣeé ṣe, Linked devices ni, ó ń gba ẹ̀rọ mẹ́rin mọ́ fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá gbá lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò tú àyè sílẹ̀ lórí fóònù wọn, ẹ ó sì máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ṣé wọ́n mọ̀?

BàbáÌpẹru

Má ṣe é. Ìyá ọlọ́jà ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò gbọdọ̀ kà.

ỌmọỌlọ́jà

Mo ti gbọ́, Bàbá. N kò ní ṣe é.

AláwàdàÌtaỌjà

Ẹ bá mi dá sí èyí náà: fóònù bọ́ sómi, ìrẹsì ò sí nílé, a kó o sínú gàárì Ìjẹ̀bú.

AtúnfóònùṣeÒde

Ẹ yọ ọ́ kíákíá. Ìrẹsì gan-an, Apple ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí èèyàn má lò ó, torí pé erùpẹ̀ rẹ̀ lè wọ inú fóònù. Ti gàárì, tó lẹ́búlẹ́bú, ṣé ẹ fẹ́ kó di ẹ̀bà níbi ihò ṣájà ni? Ẹ pa fóònù náà, ẹ nù ún, ẹ dojú ihò rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má sì fi ṣájà sí i títí yóò fi gbẹ dáadáa.

OníṣòwòÌjẹ̀búIgbó

Bí a ti dé orí ṣájà, ọmọ ọlọ́jà, bátìrì ìyá ńkọ́? Ní ọjà tí kò sí iná láti àárọ̀, páwà báǹkì ni wọ́n máa lò. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ tàn yín. Páwà báǹkì 10,000mAh tó jẹ́ ojúlówó, inú bátìrì rẹ̀, ní 3.7V, ni wọ́n ti ka 10,000 yẹn. Nígbà tó bá ń jáde ní 5V, ó ti di 7,400, díẹ̀ á sì tún sọnù sínú ooru. Nítorí náà fóònù oní 5,000mAh, kò lè kún un lẹ́ẹ̀mejì, bó bá ṣe ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, kó gbádùn. Èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí tó fúyẹ́ bí ìwé, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kí wọ́n má sì gbé fóònù sórí àtẹ nínú oòrùn. Ooru ló ń pa bátìrì jù, ó ju kí wọ́n fi í sórí iná pẹ́ lọ.

ỌmọỌlọ́jà

Mo wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, a jókòó tì í pọ̀. Data usage fi hàn pé kì í tilẹ̀ ṣe WhatsApp ló wà lókè, Facebook ni, fídíò tó ń ta fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní lóòótọ́ làwọn ò wo nǹkan kan, òun ló ń wò ó fúnra rẹ̀. Mo pa Autoplay. Videos kúrò nínú WhatsApp, Photos wà. Gbogbo fídíò ẹgbẹ́ wọn ti wà lórí káàdì, a gbá èyí tó kù, àyè pọ̀ báyìí.

Ohun kan tí n kò retí: mo sọ lẹ́tà ojú fóònù di gbàǹgbà fún wọn, wọ́n ní kí n dá a padà. Wọ́n ní ẹni tó dúró sí òdìkejì àtẹ ń ka iye tí àwọn rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́Àgọ́

WhatsApp ní ibi tirẹ̀ tí ẹ ti lè yí lẹ́tà padà. Ẹ sọ ti fóònù di gbàǹgbà, kí ẹ wá wọ WhatsApp, Settings, Chats, Font size, kí ẹ mú un kéré níbẹ̀.

ỌmọỌlọ́jà

Ìyẹn náà dára. Ó ku ti ìró gúrúpù. Bí mo bá pa ohùn fóònù, oníbàárà ò ní dún mọ́.

ÌyáÌbejìṢágámù

Ẹ má fọwọ́ kan ohùn fóònù rárá. Ẹ ṣí gúrúpù náà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, Notifications, Mute, Always. Bẹ́ẹ̀ ni fún gúrúpù kọ̀ọ̀kan. Fún oníbàárà tó bá ṣe pàtàkì, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, níbi Notifications náà, ẹ fún un ní ìró tirẹ̀ tí ìyá á dá mọ̀ láti inú ariwo ọjà.

ỌmọỌlọ́jà

Mo ti ṣe gúrúpù méjì. Ti regbẹ́regbẹ́, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, kó máa dún.